Ayò Orí Fóònù Tí Mo Fi Lọ Káfíńtà

Òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn là ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi káfíńtà, lójú ọ̀nà Addo, kí òun fúnra rẹ̀ tó kí i. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun alásárì, tí n ó máa ròyìn fíìmù tí mo wò, orin tí mo gbọ́ àti ìwé tí mo kà. Ìwọ náà mọ̀ mí: bí nǹkan bá dùn mọ́ mi, àfi kí n wá ẹni tí mo máa fi lọ̀.

Àmọ́ lákòókò yìí, ohunkóhun tí mo bá sọ, etí ọ̀rẹ́ mi kò sí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó kọ́ iṣẹ́ igi lọ́wọ́ rẹ̀, ti gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Free Zone Lẹ́kkí, ó sì ti kó lọ síbẹ̀. Baba ní ọmọ fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ òun. Ọmọ ní baba kò fẹ́ kí òun dàgbà. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ẹnìkejì. “Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà,” ni ọ̀rẹ́ mi máa ń wí, á sì tún mú ìfági rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo ti rí ilé tí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọlé, tí baba fi kú láìfojú kan ọmọ.

Ìgbà náà ni mo rí géèmù ayò kan tí èèyàn lè fi fóònù bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ta. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé ọbẹ̀ mi jóná. Mo fi í sórí fóònù ọ̀rẹ́ mi, mo sì pe ọmọ rẹ̀ pé mo ti rí ẹni tí yóò pa á láyò.

“Ṣé bàbá mi ni, Ańkù?” Ó rẹ́rìn-ín. “Wọn ò lè pa mí.”

O mọ̀ pé nídìí ọpọ́n ayò, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ọ̀ta ni ẹni tó borí, ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n pa, ọ̀ta sì lè fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú, ìbáà jẹ́ bàbá tó bí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀rẹ́ mi tó di fóònù mú bí ẹni di ẹja ààyè mú. Ọmọ ti pa á, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀pẹ.”

“Èmi ló ń pè ní ọ̀pẹ? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ ayò?”

“Ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn,” mo dá a lóhùn.

“Ìwọ náà, panu mọ́.” Ó pe ọmọ rẹ̀. Kò kí i, kò bèèrè àlàáfíà. “Orí fóònù lo ti ń ṣe akin. Bó bá dá ọ lójú, wá bá mi ta á lójúkojú.”

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, ọmọ náà wọlé tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ọpọ́n sórí tábìlì kan tí kò tíì kùn lọ́dà. Bí ọmọ ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀, baba di apá rẹ̀ mú.

“Dìde. Ọ̀ta kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pẹ. Jókòó ná, bí mo bá pa ọ́ tán, wàá dọ̀bálẹ̀ dáadáa.”

N kò mọ ẹni tó borí, torí ariwo yẹ̀yẹ́ àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí n rí ayò kà. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní kí n dárúkọ fíìmù tàbí géèmù tí mo gbádùn, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ni wọ́n jọ fẹ́ gbádùn rẹ̀. Bó bá ní òun nìkan ni, mo máa ń ní kó jẹ́ kí n ronú sí i.