Omi Èbúté

Mo rántí ìgbà tí òórùn edé kì í kúrò lára aṣọ mi, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà sí Sango tí mò ń gbé. Ìmọ̀ nípa òkun ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan wọ́n, dé, tí iṣẹ́ ìwádìí di àwátì, ilé iṣẹ́ kan ní Sango tó ń bó edé, tó sì ń fi yìnyín dì í, ló gbà mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ sí òkè òkun. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá kan ní Joju, ní Sango kan náà.

Ọkọ̀ ẹja kan ṣoṣo ni a ní, ní èbúté Èkó. Epo ti wọ́n. Ọ̀gá wa ní bí ọkọ̀ náà bá tún ń ti òkun bọ̀ lófìfo, òun yóò tà á, àwọn obìnrin tó ń bó edé yóò sì máa lọ sílé. Mo ní kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí edé wà kí á tó jó epo, nítorí edé a máa tẹ̀ lé bí omi ṣe gbóná tàbí tutù sí. Mo fún atukọ̀ wa, àgbà Ìlàjẹ kan, ní tẹmómítà, mo ní kó máa wọn omi lójoojúmọ́, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kó fi ránṣẹ́ sí mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Yunifásítì, ṣé ibà ń ṣe òkun ni?"

Síbẹ̀ ó ń wọ̀n ọ́n. Láìpẹ́ mo rí i pé níbi tí omi bá ti tutù díẹ̀ ni àwọ̀n ti ń kún. Inú mi dùn bí ẹni tó dá òkun fúnra rẹ̀.

Lójijì edé kò dé mọ́, nọ́ńbà inú ìwé sì dúró sójú kan. Mo kọ̀wé sí atukọ̀ náà: "Ẹ má fi irọ́ kún ìwé mi."

Ó wá sí Sango fúnra rẹ̀, ó gbé tẹmómítà náà sórí tábìlì mi. "Ẹ̀rọ ọkọ̀ ti kú, ọ̀gá rẹ kò rí èyí tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Omi èbúté ni mò ń wọ̀n."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ooru omi lo béèrè. O ò béèrè wa."

Àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Omi ni èmi bi léèrè. Wọ́n ta ọkọ̀ náà, àwọn obìnrin náà sì lọ.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin edé nínú adágún létí òkun máa ń fi ìwọ̀n ooru omi wọn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Bí nọ́ńbà bá dúró sójú kan, mo máa ń pè wọ́n.

"Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Bàbá, ẹ̀rọ tó ń wọn omi ló kàn bàjẹ́ o."

Wọ́n á pa fóònù láì béèrè èmi náà. Ilé á tún dákẹ́.