Ariwo Ṣìì Inú Ìyápíìsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ mi kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, ẹ ní èmi Mọ̀dínátù ni mo ní kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Àmúsà ti ń gba wáàsí àwọn àlùfáà sílẹ̀ ní Ìkòtún. Kásẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí síídì, ó wá bọ́ sórí mẹ́mọ́rì káàdì tí àwọn awakọ̀ ń kì bọ rédíò ọkọ̀ wọn báyìí. Nígbà tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹní kan àti rédíò kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló gbé wá. Ẹní ti gbó dànù, ṣùgbọ́n rédíò yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Etí rẹ̀ ni ọjà rẹ̀. Kó tó tẹ ohunkóhun, á nàka sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ yàrá." Á dijú. Gbogbo wa á dúró bí ẹni tó wà lórí ìrun, títí kan àlùfáà tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó lajú, ó ní fíríìjì ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejì, kí a lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á. Lọ́jọ́ mìíràn, aago ọwọ́ Alfa Raheem ló ní ó ń dún. Ó bọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, ó fi gèlè mi wé e, ó gbé e síta. Èmi gan-an, etí yẹn ló fi mọ̀ mí. Àsàlátù la wà, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn pátápátá, ó yíjú láti ìdí ẹ̀rọ, ó ní kí ẹni tó lo ìbòrí aláwọ̀ ewé jọ̀ọ́ mú sùúrù. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Kò pé ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n so yìgì wa.

Iṣẹ́ tèmi ni gígé. Bó bá ti gba ohùn sílẹ̀ tán, èmi ni màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá yọ ikọ́, màá yọ ibi tí àlùfáà ti mu omi, màá yọ ìró fèrè ọkọ̀. Hẹ́dífóònù ńlá kan la fi ń ṣe é tipẹ́, tí fóòmù rẹ̀ ti ń ré bọ́ sí mi nírun. Nígbà Iléyá tó kọjá, Jibril ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, mú ìyápíìsì kékeré kan wá, irú èyí tí àwọn olórin máa ń kì bọ etí bí wọ́n bá ń kọrin. Àmúsà ní kí n máa lò ó, pé hẹ́dífóònù ńlá tẹ́ òun lọ́rùn.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà ni kíké Àlùkùránì látẹnu Alfa Raheem, odindi rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ rédíò kan fẹ́ lò nínú oṣù Ààwẹ̀. Kíké Àlùkùránì kì í ṣe wáàsí. Ariwo kì í tán nínú wáàsí, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Ṣùgbọ́n nínú kíké, àlùfáà á ka áyà, ìyẹn ẹsẹ kan, á dákẹ́, á mí, kó tó ka òmíràn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ ki ìyápíìsì Jibril bọ etí. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ míkísà, ẹ̀rọ oníbọ́tìnì púpọ̀ tí gbogbo ohùn wa ń gbà kọjá, tó ti wà lọ́wọ́ wa kí Jibril tó wọ ilé ìwé. Mo tẹ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀. Alfa ka áyà kan, wọ́n dákẹ́, mo sì gbọ́ ọ. Ṣììì. Ó tínrín, bí ẹni ń din ata ní ilé kẹta.

Mo pe ọkọ mi. "Bàbá Jibril, ẹ gbọ́ nǹkan yìí fún mi."

Ó kì í bọ etí, ó dijú. Mo ń wo ẹnu rẹ̀.

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Ariwo kan wà nísàlẹ̀. Ó ń ṣe ṣìì."

Ó tún gbọ́, ó pẹ́ díẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ jàre. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni, lọ jẹun."

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, màá bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ lójú ẹni tó ń gbọ́ aago ọwọ́? Nígbà tó jáde, mo yí fólúùmù wálẹ̀. Ohùn Alfa lọ, ṣìì kò lọ. Mo yí i dé òdo. Ó ṣì wà níbẹ̀, kò dín, kò pọ̀. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ló wà ni, ó yẹ kó bá fólúùmù wálẹ̀. Bí kò bá sí nínú ẹ̀rọ, a jẹ́ pé orí mi ló wà.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí etí màmá mi, Wàsílátù, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹnì kan ń din ata nínú etí àwọn, a sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rín. Láàárín ọdún mẹ́ta, bí wọ́n bá ń pe ìrun, àfi kí á fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e ni. Bí etí mi bá sì lọ, ta ni yóò máa gé ohùn? Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní ohun mìíràn tó ń tà ju etí ènìyàn méjì lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kàn fa wáyà yọ kúrò lára ẹ̀rọ, kí n fi ìyápíìsì sílẹ̀ létí, kí n sì gbọ́ bóyá ariwo náà ṣì wà. Mo mọ̀. Ọwọ́ mi dé ìdí wáyà yẹn nígbà mẹ́rin. Bí mo bá fà á yọ tí ariwo bá ṣì wà, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe nìyẹn, n kò sì ṣetán láti mọ̀. Bí mo bá yọ ọ́ létí, ariwo Ìkòtún á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nílé, fáànù ń dún. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, mo ń dáhùn ohun tí wọn ò bi mí, mo sì ń bá gbogbo ayé jà. Àní akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wá sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé láti bí ọdún kan, ohùn sípíkà tí Àmúsà ń so fún wọn ti ń gún àwọn ènìyàn létí bí abẹ́rẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ fọ etí wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìrun, àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń ṣe: Ọlọ́hun, má jẹ́ kó jẹ́ etí mi.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ọkọ mi lọ so ẹ̀rọ ní Ipaja. Mo mú ìyápíìsì náà lọ bá Abdulmuiz, tó ń ta nǹkan fóònù nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ní kó gbà á, kó fún mi ní òmíràn. Mi ò sọ̀rọ̀ etí rárá.

"Kí ló ṣe é, Alájà?" Kò sẹ́ni tó gbé mi dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pè mí nìyẹn.

"Ó ń ṣe ṣìì."

Ó kì í bọ fóònù ara rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo fi í sí etí. Kò sí ṣìì. Kò sí ohunkóhun.

"Ìyápíìsì yìí ò ní problem kankan," ó ní. "Ó máa ń gbọ́ nǹkan jù ni. Míkísà yín yẹn ti pẹ́, agbára tó ń tì jáde sì ti pọ̀ jù fún kékeré yìí. Hẹ́dífóònù ńlá ò lè gbọ́ èémí ẹ̀rọ, èyí ń gbọ́ ọ. Ẹ yí fólúùmù wálẹ̀, kò lọ, àbí?"

"Kò lọ."

"Kò lè lọ. Ìdí ibi tí ẹ ń ki wáyà bọ gan-an ni ariwo ti ń jáde, ó ti kọjá fólúùmù." Ó wá nǹkan kan nínú àpótí, kò ju ìka lọ, wáyà ń wọlé lẹ́yìn, ó ń jáde níwájú. "Ẹ fi èyí sáàárín. Ó máa dín agbára yẹn kù. Ẹ ó wá ṣí fólúùmù sókè díẹ̀ ju tẹ́lẹ̀."

A jọ gòkè lọ. Mo ki ìyápíìsì bọ míkísà láìfi nǹkan náà sí i: ṣìì. Mo di wáyà mú, mo fà á yọ. Ó dákẹ́. Mo tún kì í, ṣìì dé. Mo fà á, ó lọ. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Ọlọ́hun gbọ́ àdúrà mi, kì í ṣe etí mi. Abdulmuiz ki wáyà padà, ó fi ẹyọ kan sí etí tirẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀ kedere," ó ní. "Ẹni tó bá fi sí etí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ṣá."

"Bàbá Jibril fi í sí etí," mo ní. "Wọ́n ní ó dákẹ́ rọ́rọ́."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun fi ọjà òun sílẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Èmi nìkan wà níbẹ̀, omijé ayọ̀ ṣì wà lójú mi. Mo rántí akọ̀wé mọ́ṣáláṣí: ẹni tí kò bá gbọ́ ìró tó tínrín á máa ṣí i sókè títí yóò fi máa gún ẹlòmíràn létí. Mo rántí àdúrà mi. Etí tèmi nìkan ni mo dárúkọ.

Nígbà tí Àmúsà dé láti Ipaja, mo jẹ́ kó mu omi. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo fi ẹyọ kan ìyápíìsì sí etí rẹ̀, mo fi èkejì sí tèmi. Kò sí nǹkan kékeré Abdulmuiz láàárín. Ṣìì ń dún létí mi.

"Ẹ gbọ́ ọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó dijú. "Ó dákẹ́."

Mo ní bóyá ẹyọ kan ló bàjẹ́. A pààrọ̀ ẹyọ. Èyí tó yọ létí rẹ̀, bó ṣe wọ etí mi báyìí, ṣìì ló ń ṣe.

"Ó dákẹ́," ó ní. Lẹ́yìn náà ó lajú, ó rí ojú mi. "Kí lò ń gbọ́?"

Mo lè purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi, ó tilẹ̀ dùn. "Ó ń ṣe ṣìì, Bàbá Jibril. Abdulmuiz náà gbọ́ ọ."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó yọ ẹyọ náà létí, ó fi etí aṣọ nù ún, ó ká wáyà jọ bó ṣe máa ń ká wáyà, róbótó, láìlọ́. "Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ò purọ́ nígbà náà," ó ní. Ilé ìwòsàn tí a lọ lọ́sẹ̀ yẹn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ariwo sípíkà láti ọdún wọ̀nyí ni, pé àwọn ìró tó tínrín ló kọ́kọ́ ń lọ, wọn kì í sì í padà.

Ó ku súrà méjìlá kí Alfa Raheem parí kíké wọn. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n wá, wọ́n jókòó síwájú máìkì. Àmúsà ti ìlẹ̀kùn. Ó nàka sókè.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. Ó wá gbé ìka náà wálẹ̀, ó nà án sí mi. "Mọ̀dínátù, gbọ́ yàrá."

Mo dijú. Mo gbọ́ èémí Alfa, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń kọjá nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun kékeré kan tó ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ń wo ẹnu mi.

"Aago ọwọ́ yín, Alfa," mo ní. "Ẹ gbàgbé láti bọ́ ọ."

Alfa fẹ́ bọ́ ọ fúnra wọn, Àmúsà ní kí wọ́n jókòó. Òun ló bọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ó gba gèlè mi láti fi wé e, ṣùgbọ́n kó tó wé e, ó gbé aago náà sí etí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí etí kejì. Ó wá wé e sínú gèlè jẹ́jẹ́, ó gbé e síta, ó padà wọlé, ó ní kí Alfa bẹ̀rẹ̀.