Síkúrúdíráfà Ahun
Tí mo bá gbọ́ tí irin ń dún woroworo nínú àpò ènìyàn, ahun burúkú yẹn ni mo ń rántí, ọ̀gá tá a jọ ń tún ẹ́sì, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣe l'Ájàh. Inú ìdí síkúrúdíráfà ẹ̀, ibi tá a fi ń dì í mú, ló ń kó oríṣiríṣi ẹnu ẹ̀ tó ṣeé yọ sí. Tó o bá ní kó yá ẹ, á kọ́kọ́ da gbogbo ẹnu náà sápò, á wá na ìdí lásán sí ẹ: "Gbà. Ṣé mo wá ṣahun ni?"

Ní Thomas Estate, mo wà lórí àkàbà, mo fi èjìká gbé ẹ́sì tá ò tíì dè. Ìdí lásán ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ké: "Ọ̀gá, ẹ ju ẹnu kan sí mi!"

Ó ní, "Tó bá bọ́ sínú koríko ńkọ́?"

Ẹ́sì já, èmi náà já, apá mi kán.

Ó wá kí mi nílé, ó fi síkúrúdíráfà ọ̀hún ta mí lọ́rẹ. Mo ṣí ìdí ẹ̀, òfìfo ni. Bó ṣe ń lọ, àpò ẹ̀ ń dún woroworo.