Ọ̀sẹ̀ tí Ara-Yá Fi Owó Lé Owó

Ohun tó dun Mọ̀dínátù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tó dé ọ́fíìsì wọn ní Akowonjo láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nínú oṣù kẹjọ ọdún 2016, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju kó tan fóònù iṣẹ́ méjèèjì, kó ra búrẹ́dì, kó jókòó. Bó ṣe tan àwọn fóònù náà, kò tíì bọ́ báàgì léjìká tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé. Kò kí i.

"Olè ni yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹgbẹ̀rún kan ni mò ń san lóṣù. Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ nínú àkáǹtì mi?"

Mọ̀dínátù rò pé ó ṣi nọ́ńbà pè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ara-Yá lẹ pè."

"Mo mọ̀ pé Ara-Yá ni! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń ka ení, èjì fún mi láràárọ̀ ni? Mo mọ ohùn ẹ dáadáa. Ìwọ náà wà ńbẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ohùn Mọ̀dínátù ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń ṣe káfíńtà ní Igando, níbi tí wọ́n bí Mọ̀dínátù sí. Mọ̀dínátù lọ sí polí, ó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì wá jókòó sílé fún ọdún méjì tí kò rí iṣẹ́ kankan. Ọdún 2015 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbóyèga gbà á síṣẹ́ láti máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Tẹ́lẹ̀ rí, Gbóyèga máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá ní jímù kan ní Egbeda. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin kì í fẹ́ máa fò sókè-sódò lójú ọkùnrin, àwọn àgbàlagbà ò sì fẹ́ kí ọmọdé máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ló bá ṣe áàpù kan tí wọ́n lè máa lò lórí fóònù nínú yàrá wọn, ní èdè Yorùbá, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ẹ̀kọ́ kan. Ó pè é ní Ara-Yá.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ sínú àwọn fídíò náà kò wá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbóyèga wojú Mọ̀dínátù, ó ní, "Ìwọ náà ò lè kà á ni?" Wọ́n gbé fóòmù ibùsùn dí ojú fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé, Mọ̀dínátù sì dúró nínú ooru fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń sọ pé, "Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ó ku márùn-ún, ẹ má dúró." Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Kò sì bínú nígbà yẹn. Inú rẹ̀ dùn ni. Ìyá rẹ̀ máa ń fi fídíò náà han àwọn aládùúgbò, á ní, "Ẹ gbọ́, ọmọ mi nìyẹn."

Ní ọjọ́ Ajé yìí, ohùn náà di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Alẹ́ Sátidé ni Gbóyèga ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà pé owó oṣooṣù ti di ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àwọn oníjìbìtì ló kọ ọ́, wọ́n sì pa á rẹ́, àfìgbà tí báńkì ní owó ti lọ. Ọkùnrin kan ní òun á mú Mọ̀dínátù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òmíràn bi í bóyá àwo ẹran ló ń bá áàpù náà wá báyìí. Ọ̀kan tiẹ̀ ń sunkún. Ó ní ọkọ òun ti ní kóun má san owó fún ìranù mọ́ tẹ́lẹ̀, òun ló ń bẹ̀ ẹ́, wàyí o, kí lòun fẹ́ sọ?

Ẹni tó dùn ún jù kò pariwo rárá. Bàbá Adéríbigbé ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Baruwa. Dókítà ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lóṣooṣù ló máa ń pe Mọ̀dínátù, kì í ṣe pé ó ní ẹjọ́ kankan, ó kàn fẹ́ sọ iye tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dín kù sí fún un ni.

"Mọ̀dínátù ọmọ mi," ni Bàbá wí, "mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò. Ẹ ṣeun gan-an ni o."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ ná."

"Rárá, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ ni."

Mọ̀dínátù gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá inú lọ bá Gbóyèga.

"Ọ̀gá, ẹ fowó kún owó, ẹ ò sọ fún mi."

"Mo fẹ́ pè ọ́ lọ́jọ́ Sátidé," ni Gbóyèga wí. Kò gbójú sókè. "Fóònù mi ló kú."

"Wọ́n ń bú mi, sà. Wọ́n mọ ohùn mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ ò ní lè bú ẹ púpọ̀."

"Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ mí gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa bú mi púpọ̀, sà."

Gbóyèga fọwọ́ nu ojú. Ó ṣàlàyé fún un pé orí kọ̀ǹpútà àwọn kan lókè òkun ni fídíò àwọn wà, dọ́là sì làwọn fi ń sanwó rẹ̀. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí igba náírà lọ́dún tó kọjá ti ń sún mọ́ irínwó lọ́wọ́ àwọn aboki tó ń ṣẹ́ ẹ. "O ò rí i pé ọ̀kadà ni mò ń gùn wá síbi? Mo ti ta mọ́tò yẹn láti oṣù keje. Òun ni mo fi san owó oṣù yín."

Mọ̀dínátù ò mọ̀. Ó ti rò pé mọ́tò náà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni. Àánú rẹ̀ ṣe é, àánú náà sì tún bí i nínú, nítorí ó fẹ́ kí inú òun máa bí òun sí ọkùnrin náà láìsí ìdíwọ́.

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè kọ́kọ́ sọ fún wọn? Kẹ́ ẹ fún wọn lóṣù kan?"

"Tí mo bá fún wọn lóṣù kan, a ó ti kógbá sílé." Ó na bébà kan sí i. "Ohun tí wàá máa sọ nìyí."

Ohun tó wà nínú bébà náà ni: A mọ rírì yín. Owó tuntun yìí yóò jẹ́ kí a lè túbọ̀ tọ́jú yín dáadáa. Mọ̀dínátù kà á fún èèyàn mẹ́rin. Ẹni karùn-ún ní kó tún un kà kóun lè gbà á sílẹ̀, kóun fi gbé e sórí Fesibúùkù. Látìgbà náà, kò kà á mọ́.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é. Obìnrin mẹ́ta ládùúgbò ni ìyá náà ti fúnra rẹ̀ rọ̀ pé kí wọ́n gba Ara-Yá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti wá bá a nílé.

"Wọ́n ní èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń pín owó náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àbí o mọ̀?"

"Màámi, èmi náà ò mọ̀."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀ wá tó ò fi mọ̀?"

Mọ̀dínátù jẹun ìdajì, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ọjọ́rú ni òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn wá, ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ìjẹ̀gùn ló ti wá. Ó ní ọ̀kadà méjì lòun wọ̀, èkejì já òun sílẹ̀ láàárín omi nítorí kò lè kọjá. Télọ̀ ni, wọ́n ń pè é ní Ìyá Zikrullah. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti pè, tó ní kí Mọ̀dínátù júwe ibi tí wọ́n wà, Mọ̀dínátù sì júwe rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kí Mọ̀dínátù, Mọ̀dínátù náà kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ nìyí? O tín-ín-rín ju ohùn ẹ lọ."

Ẹ̀rín pa Mọ̀dínátù, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ Ajé.

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Gbóyèga ti fọwọ́ ṣe fún Mọ̀dínátù láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá inú pé kó sọ pé òun ò sí. "Wọn ò sí ńbí, mà," ni Mọ̀dínátù wí, ojú ń tì í.

Ìgbà náà gan-an ni Gbóyèga wúkọ́.

"Ẹni tí ò sí ló ń wúkọ́ yẹn?" Ìyá Zikrullah fa àga, ó jókòó. "Mi ò wá jà. Ẹ sọ fún un pé mi ò wá jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ."

Gbóyèga jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dọ́là. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ó yé mi," ló wí. "Òwú wọ́n, bọ́tìnnì wọ́n, bẹntiróòlù tí mò ń dà sí jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Èmi náà fowó kún iṣẹ́ mi lóṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti wà lórí máṣíìnì mi, iye tá a jọ sọ ni mo gbà. Mi ò lè rán apá kan tán kí n wá sọ fún oníbàárà pé apá kejì ti di owó mìíràn."

"Mọ́mì, èyí yàtọ̀ sí aṣọ rírán."

"Kí ló fi yàtọ̀? Àwa mẹ́rin la jọ ń lo fóònù mi kan. A máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó ṣí. Igba náírà lé àádọ́ta ni kálukú ń dá. Ọ̀kan nínú wa, látìgbà tó ti bímọ kẹ́yìn ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ aṣọ láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ keje la wà nínú méjìlá. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, a tan fóònù, kò ṣí mọ́. Ó ní ká sanwó. A kàn dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò eré lára, a ń wo ara wa. Ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Gbóyèga wo Mọ̀dínátù bí ẹni pé òun ló yẹ kó dáhùn. Mọ̀dínátù dìde dúró.

"Èmi ni mo sọ ọ́, ọ̀gá. Ohùn mi ló wà ńbẹ̀. Ó wà ní fídíò àkọ́kọ́: ọ̀sẹ̀ méjìlá la jọ máa lò pọ̀. Ẹ sọ ọ́ di irọ́ mọ́ mi lẹ́nu."

Òjò ń lu páànù. Níkẹyìn, Gbóyèga ní ó dáa, kí àwọn tó bá wà láàárín ẹ̀kọ́ parí ọ̀sẹ̀ méjìlá wọn ní iye àtijọ́, òun á dá owó tó lé padà fún àwọn tí báńkì ti yọwó wọn. Ìyá Zikrullah ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Obìnrin náà fi bébà náà sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lè yí i padà nínú áàpù náà, Yaba ló ń gbé, kò sì gbé fóònù títí di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Mọ̀dínátù tún fi ń gbọ́ èébú lórí ohun tó ti yanjú. Nígbà tó fi máa parí, nínú ẹgbẹ̀ta oníbàárà tí wọ́n ní, ó lé ní igba tó ti lọ. Gbóyèga ní kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ò gbé e. Obìnrin kan gbé e, ó ní, "Ẹ tún ti gbé òmíràn dé?" ó sì pa fóònù.

Bàbá Adéríbigbé gbé e. Mọ̀dínátù yára sọ fún un pé iye àtijọ́ ló máa san títí ẹ̀kọ́ rẹ̀ á fi parí.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Bàbá wí. "Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù mi. Mo ti ń rìn yí àdúgbò ká báyìí. Kò dà bíi tiyín o, eékún ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkàn mi tún máa ṣe ségesège lórí ohun tí ẹ lè yí padà lóru ọjọ́ kan." Ó gbàdúrà fún un, ó ní kó kí àwọn òbí rẹ̀. Kò pè é mọ́ látìgbà náà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Gbóyèga pe Mọ̀dínátù sínú. Ó ní kò yẹ kó júwe ọ́fíìsì fún oníbàárà láìgba àṣẹ. Mọ̀dínátù ní òun gbọ́. Ó wá béèrè ohun tó ti wà níkùn rẹ̀ tipẹ́: ṣé owó ò tọ́ sí òun lórí ohùn òun? Gbóyèga ní kó ní sùúrù kí nǹkan rọ̀ ná. Mọ̀dínátù mọ̀ pé nǹkan ò rọ̀, kò sì jọ pé yóò rọ̀. Ó ní kí wọ́n wá yọ ohùn náà kúrò. Gbóyèga ní ti iléeṣẹ́ ni.

Ó ṣe iṣẹ́ náà di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Egbeda, níbi tó ti ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ti Akowonjo. Àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ ọn níbẹ̀ náà, pé dókítà ti pẹ́ jù, pé àwọn ti jókòó láti aago méje. Mọ̀dínátù máa ń dìde, á lọ kan ilẹ̀kùn dókítà, á bi í ní iye ìṣẹ́jú tó kù, á sì padà wá sọ ọ́ fún wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, iye náà kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tún pariwo.