Ilẹ̀ Kò Ráyè Dọ̀tí Mọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní New Benin, nílùú Benin níbí, ìyá mi kì í gbà kí ilẹ̀ ilé wa dọ̀tí rárá. Ìgbà kan ṣoṣo ni ìgbálẹ̀ máa ń sinmi, ìyẹn ìgbà tí ẹnìkan nínú wa bá rìnrìn àjò. Ìyá mi gbà pé tí a bá gbálẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà lọ́nà, a ti gbá a dànù nìyẹn. Títí a ó fi gbọ́ pé ó gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ìdọ̀tí la fi ń mọ bí ìlú ṣe jìnnà sí. Bí bàbá mi bá lọ sí Iléṣà, eruku díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Kánò ló lọ, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sínú rẹ̀.

Ó wá di ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ bàálù nínú ẹbí wa. Ẹ̀pà ló jẹ kó tó jáde, ó sì da gbogbo èèpo rẹ̀ sí pálọ̀, bí ìṣe rẹ̀. Bàbá mi ṣàlàyé títí pé bàálù kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù, pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọmọ ti dé. Ìyá mi ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù láti Lọ́ńdọ̀nù, wá sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Wáyà ò dé. Eèrà ya bo pálọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará ìjọ ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé wa, bàbá mi bá gbé ìgbálẹ̀. Ni ìyá mi bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn, ọmọ mi ṣì wà lókè lọ́hùn-ún," ó ní. "Ẹ má gbá a já bọ́."

Bàbá mi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì kó àga lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèpàdé.

Nígbà tí wáyà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé ẹ̀gbọ́n mi ti gúnlẹ̀, ìyá mi sunkún, ó wá ń kọrin, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbá pálọ̀ náà. Kò jẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi padà sí Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà. Láti ilé mi ní Airport Road ní Benin níbí, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé ibi tí bàálù Èkó ti ń gbéra. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí mẹ́fà ni. Èèpo ẹ̀pà lòun náà fi sílẹ̀ fún mi, àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ. Mo ní kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ilé má tíì gbálẹ̀. Mo sùn, mo jí, fóònù dún, ojú rẹ̀ ni mo rí.

"Grandma, I don land since o! You don chop?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi. O kú ewu ọ̀nà."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ilẹ̀ kò ráyè dọ̀tí fún yín mọ́. Mo dúpẹ́ pé irú ẹ̀rù tó ba ìyá mi kò bà mí. Àmọ́ òun rí ọ̀pọ̀ ọjọ́ fi ṣàárò ọmọ rẹ̀ kí ìgbálẹ̀ tó kan ilẹ̀. Èmi, òru kan péré ni wọ́n fún mi, kò sì tó mi.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ béèrè lọ́jọ́ náà pé ṣé kí òun gbálẹ̀ wàyí, ṣebí wọ́n ti dé. Mo ní kó di ọ̀la. Ó tún béèrè láàárọ̀ yìí. Mo ní kó di ọ̀la.