Ọdún tí Bàbá Àgbà Pín Físíìsì

Aládùúgbò mi kan ní Òkè-Baálẹ̀ níbí, ní Òṣogbo, tó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ló sá díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò ká a mọ́. Nígbà tí oòrùn padà yọ, òórùn kòkó tí kò gbẹ tán gba gbogbo àdúgbò, òórùn kíkan bíi ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tó ti pẹ́ jù nínú agbè. Àwọn ọmọ ilé ń di imú. Èmi jókòó sórí àga mi, mò ń fà á símú bí ẹni ń fín áásáà. Ó gbé mi lọ sí agbo-ilé wa ní Iléṣà, sí ọdún tí a parí fọ́ọ̀mù kẹta, tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí oníkálukú lọ yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò kà títí dé ìdánwò àṣekágbá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá gbọ́ "yan", ẹ ó rò pé ọmọ ló ń yan. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé tiwa.

Agbo-ilé wa gùn bí ọkọ̀ ojú irin, yàrá ń tẹ̀lé yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀. Bàbá Àgbà, tí wọ́n bí àwọn bàbá wa, ló ni yàrá iwájú. Àgbẹ̀ kòkó àti obì ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ bàbá ìjọ. Bí ilé-ìwé bá ti jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀nà oko ni ó kàn. Ní àsìkò ìkórè, a ó jókòó yí òkìtì kòkó ká, àwọn àgbà á máa là á, àwa ọmọdé á máa fá omi dídùn ara rẹ̀ mu títí ahọ́n wa á fi bó. Bí ẹnu wa bá ti dákẹ́ jù, Bàbá á mọ̀ pé jíjẹ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, wọ́n á ní kí a máa kọrin.

Àwa mẹ́ta la jọ wà ní kíláàsì kan. Kọ́lá, tí àkọ́bí Bàbá Àgbà bí, ló dàgbà jù; ó ti tún kíláàsì kà kí àwa tó bá a níbẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ yẹn níwájú rẹ̀. Èmi ni mo kéré jù. Àárín wa ni Bọ̀dé wà, ọ̀rẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá Àgbà, kú nígbà tó ṣì ń rá kòrò.

Bọ̀dé kì í jẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà. Lọ́dún kan, ó la ọparun sí méjì, ó so ó mọ́ etí páànù, ó darí omi òjò gba ẹ̀yìn ilé lọ sínú ìkòkò ìyá rẹ̀, kí ìyẹn lè sinmi odò. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi rìn bó ṣe ní kó rìn. Èkejì ní agbára; omi já gba ojú fèrèsé wọ yàrá Bàbá Àgbà, ó bá wọn lórí ibùsùn. Wọ́n jáde tàwọn taṣọ ìbora tútù lọ́rùn, wọ́n wo ọparun náà títí.

Wọ́n ní, "Ta ló fi ọ̀nà yàrá mi han omi?"

Ẹgba la ń retí. Wọ́n kàn ní kó gbé ọparun náà ga sí i.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yíyàn dé, èmi rò pé ti Bọ̀dé ti yanjú. Àbúrò Bàbá kan tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ti mú ìròyìn wá pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń dù ní yunifásítì. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń kan ìlẹ̀kùn yẹn, díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i fún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì kò gbọdọ̀ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbọ́dọ̀ pé. Bí físíìsì bá ti yọ nínú wọn, kí onítọ̀hún yáa gba ibòmíràn lọ. Bọ̀dé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá pe gbogbo ilé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ìwé kíkà wọ́n, ẹyọ kan ni ilé wa ń rà nínú irú kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹnìkan bá sì ti ń kà, ẹlòmíràn kì í tún mú un, àfi ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo wa. Bí wọ́n ti ń pín oko ni Bàbá ṣe pín ìwé. Ní oko, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú, àbúrò á mú nínú ìyókù, ẹnikẹ́ni kì í ráhùn. Wọ́n kọjú sí Kọ́lá.

"Èyí tí ayé ń dù, ti ẹ̀gbọ́n ni. Ìwọ lo ni ẹnjiníà."

Bọ̀dé gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti bàólọ́jì, pẹ̀lú kẹ́mísìrì tí ilé-ìwé ní kò ṣeé yà kúrò lára wọn, pé kí ẹnìkan lè mojú tó kòkó lọ́la. Èmi gba ìtàn àti Ìmọ̀ Bíbélì. Wọ́n ní ẹnu mi kì í sinmi, kí n lọ fi í ṣe nǹkan gidi. Físíìsì kọjá lójú Bọ̀dé bí abọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ fún àlejò.

Ìyá rẹ̀ ló kúnlẹ̀. Ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ ti kú kì í sábà sọ̀rọ̀ níbi tí ilé bá pé sí.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kó kún físíìsì mọ́ tiẹ̀. A ò ní bèèrè ìwé. Á máa dà á kọ."

Bàbá kò jágbe mọ́ ọn. Ohùn wọn tilẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyàwó mi, mo gbọ́. Omi tó rìn lórí ọparun, mo rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ohun ẹ̀gbọ́n fún àbúrò lónìí, lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ta ni yóò dúró kí wọ́n pín oko fún ọmọ tí kò ní bàbá yìí?"

Ìyá Bọ̀dé dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Kọ́lá kò fẹ́ físíìsì rárá. Orin ni tiẹ̀. Bó bá gbóhùn sókè nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ìyá ìjọ á máa nu ojú. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, á ju ìwé náà sí iwájú Bọ̀dé.

"Ẹnjiníà àgbẹ̀, wá bá mi ro oko mi."

Bọ̀dé á ní, "Oko rẹ ti di igbó, ẹ̀gbọ́n. Eku ń bẹ níbẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Bọ̀dé á sì tẹrí bọ inú ìwé, ojú rẹ̀ á máa dán. Níkẹyìn, Kọ́lá fúnra rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

"Bàbá, ẹ gba oko yìí lọ́wọ́ mi. Bọ̀dé ló ń ro ó."

Wọ́n dáhùn pé, "Kó máa bá ẹ ro ó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín."

Ìdánwò dé, físíìsì gbé Kọ́lá ṣubú. Ó lọ ń ta aṣọ, ó sì láyọ̀ nídìí rẹ̀. Bọ̀dé yege nínú gbogbo tirẹ̀, kò sì sí físíìsì tó lè fi kan ìlẹ̀kùn tó fẹ́. Ó wá bá mi ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, nínú yàrá kan tí mo gbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ń kọ́ físíìsì lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ó ń jẹ gàrí mi, ó ń tún rédíò àwọn ará ilé ṣe. Ó tún ìdánwò ṣe, físíìsì nìkan, ó sì yege. Mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò pariwo.

A ń múra àtilọ gba fọ́ọ̀mù yunifásítì nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé apá kan ara Bàbá Àgbà ti rọ. Kòkó wà lórí igi, àkókò ìkórè ti tó. Ẹbí jókòó, wọ́n bèèrè ta ló kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Bọ̀dé di ẹrù rẹ̀, ó ní ìkórè kan péré lòun fẹ́ bá wọn kó. Ìkórè yẹn bí òmíràn, òmíràn náà sì bímọ.

Nígbà tí Bàbá kú, a pín oko. Kọ́lá kọ́kọ́ mú, àwa yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n fún Bọ̀dé ní tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, ọmọ tí kò ní bàbá. Ẹjọ́ oko kò wọ ilé wa rí títí di òní, nígbà tí ti àwọn aládùúgbò wa ń rọ́ lọ sí kóòtù. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ọ ni mi ò tíì lè gbé mì.

Lọ́dún kan tí mo lọ kí Bọ̀dé lóko, a jókòó sábẹ́ igi, ó ní, "Mo ti wá mọ kòkó o, àbúrò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó la kòkó kan, ó fún mi ní ìlàjì. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyàwó ọmọ Bọ̀dé mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, kí n gbàdúrà fún un. Ọmọ náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ti mú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń béèrè. Inú fóònù ni ìwé rẹ̀ wà. Èmi ni mo dàgbà jù nílé wa báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Mo la ẹnu láti ṣàdúrà, ohun tó jáde ni pé:

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Kí lòun mú?"

Ọmọ náà ní, "Físíìsì náà ni, Bàbá. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i pé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó bèèrè bóyá ó ti rẹ Bàbá. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, mi ò sì tètè gbé e kúrò.