Àgbàdo Ẹ̀yìn Kíláàsì

Ẹni tí kò bá gbé Ìbàfò nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní eruku. Katakata á gbéra láàárọ̀, á máa wú ilẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eruku pupa á sì bo gbogbo nǹkan, títí kan ọbẹ̀ tí mo bá sè. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀.

Yàrá kan ni mo háyà lẹ́yìn ilé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Ọkọ mi ti lọ kàwé lókè òkun, mi ò sì tíì bímọ fún un kó tó lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́tà rẹ̀ ń dé lemọ́lemọ́. Lọ́dún kejì, ó dín kù. Nígbà tí mo fi máa dé Ìbàfò, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ apínlẹ́tà mọ́. Mo máa ń se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́. Ní Sátidé, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́nà Mọ̀wé, kí n ṣáà lè rí ẹni tí yóò kí mi. Mo dá wà, kò sí orúkọ míì tí mo lè pè é.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi nìkan ni mo ní. Méjìdínlógún ni wọ́n. Wọ́n á ka ení, èjì dé ẹ̀rìnlá láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Mi ò bá wọn wí. Kì í ṣe nǹkan kékeré láti ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà mọ iye tó kù kí nǹkan tó pé ogún. Mo bá sọ ọ́ di eré. Ọmọ kan á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí igi máńgòrò ká, àwọn yòókù á máa kà á. Bó bá ṣubú, ẹlòmíràn á gbà á. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ tí ìgbín jáde, a ka ìgbín, olórí ilé ìwé sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi se ọbẹ̀.

Inú eré yìí náà ni mo ti dáràn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo ní kí oníkálukú lọ ka àwọn ọmọ tó wà nílé wọn, kí wọ́n ṣa òkúta wá, òkúta kan fún ọmọ kan. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà ní ká máa fi ohun tó wà nílé ọmọ kọ́ ọmọ, òkúta kì í sì í ṣe ọmọ. Títí dòní, mi ò gbà pé ohun tí mo ṣe burú tó bí wọ́n ṣe gbé e.

Ní Mọ́ńdè, kí aago tó lù, àwọn ìyá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ìyá ẹlẹ́kọ, onílé mi, ló ṣáájú. Ó tú òkúta tí ọmọ rẹ̀ ṣà jáde ní etí ìró, ó dà á sórí tábìlì mi.

"Kí lo fẹ́ fi àwọn ọmọ mi ṣe tí o fi ń kà wọ́n?" Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ló máa ń bá mi sọ, nítorí iṣẹ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ìṣirò ni mo fi ń kọ́ wọn."

"Fi tìẹ kọ́ wọn! Ẹni tí kò ní ló ń ka ti ẹni tó ní."

Ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ lọ, àwọn yòókù náà fa tiwọn. Mo jókòó níwájú àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Olórí ilé ìwé kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí àwọn ọmọ náà kò bá padà kí sáà tó parí, òun á ní kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn. Ibo ni wọ́n tún fẹ́ gbé mi lọ? Mo lọ láti ilé dé ilé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ọ̀dọ̀ onílé mi ni mo lọ kẹ́yìn. Ó ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé, kò gbójú sókè.

"Mo ti gbọ́," ló sọ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé ẹ̀kọ méjì sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé e wá mọ́, gàárì ni mo sì ń mu lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn ọmọ padà wá díẹ̀díẹ̀, ọmọ onílé mi ló dé kẹ́yìn. Ẹ̀rù kíkà ti ń bà mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ni ní ìṣirò láìkà nǹkan? Nígbà tí òjò tún rọ̀, mo ní kí oníkálukú mú hóró àgbàdo kan wá láti ilé. Àgbàdo la ó kà, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. A gbìn ín sẹ́yìn kíláàsì. Láràárọ̀ ni mo ń tètè dé láti lé adìẹ kúrò níbẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan wá bá ojú ibi tirẹ̀ lófìfo. Ìyá ẹ̀ lè tún sọ pé ọwọ́ mi ni.

Àgbàdo náà hù. Àwọn ọmọ lóṣòó yí i ká, wọ́n ń nawọ́ sí èéhù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á. Wọ́n kọjá ẹ̀ẹ́dógún láìdákẹ́, inú mi dùn. Wọ́n dé èjìdínlógún, wọn ò dúró.

"Ọ̀kàndínlógún!"

"Irọ́ ni. Ẹ tún un kà."

Wọ́n tún un kà. Ọ̀kàndínlógún náà ni.

"Ta ló gbin méjì?" Mo jágbe, nítorí mo ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọ onílé mi rọra nawọ́ sókè. "Èmi ni, Àǹtí. Màámi ló fún mi ní ìkejì. Wọ́n ní kí n bá yín gbin tiyín." Ó wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fa koríko, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Èéhù náà wà ní ìparí ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ náà. Kò ga ju àwọn yòókù lọ.

"Àǹtí, ṣé ká tún un kà?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Ẹ ka tiyín," mo ní. "Tèmi yẹn, a kì í kà á."